Kúlà Tó Fẹ́ Mú Mọ́tò Aunty Evelyn Tutù

Nígbà tí wọ́n lé Kóredé kúrò níbi iṣẹ́, kò bínú sí ọ̀gá, kò bínú sí ìjọba, rọ́bọ́ọ̀tì ló bínú sí. Ẹ̀bi ara ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ilé ẹrù ńlá kan ní Douglasville, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń to páálí láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé. Kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, ó ní táyà mẹ́rin, kì í sọ̀rọ̀, kì í jẹun, kì í lọ tọ̀. Inú Kóredé dùn. Ó bọ́ fìlà orí ẹ̀, ó fi dé ẹ̀rọ yẹn lórí, ó wá ń kí i láràárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá mi." Gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ẹ-máa-lọ-sílé jáde. Orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì ò sí níbẹ̀, ti Kóredé ló wà níbẹ̀. Àwàdà ti di àdúrà, Ọlọ́run sì ti gbà á. Kódà nígbà tó ń jáde lọ, fìlà ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ yẹn, ojú tì í láti lọ bọ́ ọ.

Kẹ́ ẹ tó máa ṣàánú ẹ̀, ẹ gbọ́ ná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti wọ poli rí, ọdún kan àti díẹ̀, ó jáde kí ìwé tó rójú wọ inú ẹ̀. Kì í ṣe pé kò lọ́gbọ́n o. Ọgbọ́n pọ̀ lórí ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé bí ẹni pé wọ́n dà á síbẹ̀ lásán ni, wọn ò tò ó.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀, Aunty Evelyn, ló ń gbé ní Lithonia. Ilé oníyàrá méjì ni, Aunty nínú ọ̀kan, òun nínú èkejì. Ọkọ Aunty ti kú. Tolú, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Houston, níbi tí òun, ọkọ ẹ̀, àtàwọn ọmọ méjì ti há mọ́ inú yàrá kan bíi sadín inú agolo.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́, ìlú le. Ẹyin tí wọ́n ń rà ní páálí páálí tẹ́lẹ̀, Aunty ti ń kà á fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run fún àwọn ní mọ́tò tuntun, wọ́n ti ń jẹ́rìí báyìí pé mọ́tò àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìjọ á sì hó yèè.

Ibi ìwòsàn eyín kan ní Marietta ni Aunty ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. Àwọn méjì ló wà nínú ọ́fíìsì náà, Aunty àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Rachael. Manager ti kọ̀wé sí wọn pé apá òun ò ká èèyàn méjì mọ́, ẹnì kan máa lọ, ẹnì kan máa kù. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ló pe Rachael sí fún interview. Túsìdé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ó kan Aunty.

"Kóredé," Aunty ní, "tíṣẹ́ yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò lè dá ilé yìí gbé mọ́. Ọ̀dọ̀ Tolú ni mò ń lọ, mo máa sùn lórí sófà wọn. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà á tẹ̀ lé yín, mà."

"Sófà kan ni wọ́n ní."

Kóredé ronú kan ilẹ̀ ilé ìdáná wọn, ó ronú kan abẹ́ tábìlì. Aunty ti mọ ohun tó ń rò.

"Ajá wọn ló ń sùn lábẹ́ tábìlì," ni wọ́n bá sọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ti Kóredé. Iṣẹ́ Aunty ni òrùlé orí ẹ̀. Ohun tó sì fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́, lójú tiẹ̀, kì í ṣe Rachael, ooru ni. AC mọ́tò Aunty ti kú láti oṣù karùn-ún, oṣù keje la sì wà yìí. Iye tí mẹkáníìkì pè, Aunty bi í bóyá ó fẹ́ bá àwọn kọ́lé ni. Láti Lithonia dé Marietta, ọ̀nà I-20 bọ́ sí ọ̀nà 285, tí traffic bá dì, wákàtí kan àtààbọ̀ lèèyàn á fi máa yan bí ẹ̀pà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òógùn ti fọ àtíkè ojú Aunty dà sí ọrùn, Rachael wá ń bi wọ́n, pẹ̀lú ẹ̀rín ọ̀tá, pé ṣé òjò rọ̀ lọ́nà ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wò bóyá ó ṣì lágbára iṣẹ́, tó wá wọlé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò, ṣé wọ́n á mú un?

"Aunty, ẹ fi sílẹ̀ fún mi," Kóredé ní. "Tí mọ́tò yẹn ò bá tutù kó tó di Túsìdé, ẹ má pè mí ní Kóredé mọ́."

"Orúkọ wo lo fẹ́ kí n máa pè ọ́? Kí n tètè máa fi kọ́ra."

Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ló sá lọ. Mr. Ernest ni wọ́n ń jẹ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Kóredé rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Bàbá rò pé ó dákú ni, wọ́n pe ambulance. Ibẹ̀ làwọn tó gbé ambulance wá ti ń wọn ìfúnpá Kóredé títí ó fi ṣàlàyé tán. Àtìgbà yẹn, orí ló ń tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́.

Àwọn àgbà Amẹ́ríkà náà ní ìtàn ìyà, ẹ máa wò wọ́n báyẹn. Bàbá ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ìyàn kan mú tó jẹ́ pé àpò ìyẹ̀fun nìyá àwọn fi ń ránṣọ fáwọn. Nígbà táwọn tó ń ta ìyẹ̀fun rí i pé àpò àwọn ti di aṣọ káàkiri ìlú, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdòdó sí i lára, kó lè wu àwọn ìyá.

"Ẹ̀yin náà wọ olódòdó, Daddy?"

"Pupa. Títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà."

"Ẹ̀yin, ọkùnrin?"

"Òtútù ò bi mí bóyá ọkùnrin ni mí."

Nígbà tí Kóredé wá rojọ́ ooru mọ́tò, bàbá họ irùngbọ̀n. Wọ́n ní àbúrò bàbá àwọn kan wà tó lọ ń gbé ní apá aṣálẹ̀ nígbà náà, tó so agolo ńlá kan mọ́ fèrèsé mọ́tò, tó ń bomi sínú ẹ̀. Atẹ́gùn tó bá gbabẹ̀ wọlé á tutù nini. Kí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán, Kóredé ti dìde.

"Jókòó," bàbá ní. "Aṣálẹ̀ nìyẹn. Ti Atlanta níbí, atẹ́gùn fúnra ẹ̀ ti di omi. Omi lo fẹ́ fi mú omi tutù?"

"Tó bá wá jẹ́ yìnyín ńkọ́?"

Bàbá tún họ irùngbọ̀n. "Mi ò sọ pé o lè ṣe é o. Mi ò sì sọ pé o ò lè ṣe é."

Lójú Kóredé, ìyẹn ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ó gba páìpù fàdákà tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ lọ́wọ́ bàbá, èyí tó ṣeé fà gùn bí ìfun. Ó mú kúlà tí wọ́n fi ń gbé omi lọ sí píkíníìkì ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá ihò méjì sí ìdérí ẹ̀. Ó ki fáànù kékeré tó ń lo iná mọ́tò sójú ihò kan, ó ki páìpù sójú ìkejì, ó wá fi téèpù wé gbogbo ẹ̀ bí ẹni tó ń di ọgbẹ́. Ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, ó ra báàgì yìnyín kan, ó dà á sínú ẹ̀, ó ní kí Aunty wá jókòó níwájú. Òun alára jókòó sẹ́yìn, ó di páìpù mú, ó kọjú ẹ̀ sí Aunty lọ́rùn bí àwọn panápaná.

Aunty pajú dé. "Kóredé."

"Mà?"

"Òtútù ń mú mi." Wọ́n yíjú padà, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ lé sójú wọn. "Àlàó! Àlàó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Ìwọ tí wọ́n ní orí ẹ ò pé!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Aunty?"

"Èmi ni. Má bínú."

Ijọ́ náà ni ìgbéraga pa Kóredé. Ó káwọ́ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí fóònù pé òun ti di ọ̀gá ilé iṣẹ́ amúmọ́tò-tutù. Ẹnì kan péré ló béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ìyá ẹ̀ ni, wọn ò sì ní mọ́tò.

Ibi tó ti kọsẹ̀ ló wá kù. Aunty ní kó má ra yìnyín mọ́, kó fi omi dì í nílé. Kóredé wá ike mẹ́rin, ó bomi sí i, ó kó o sínú fírísà. Irú ike wo? Ike ice cream. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa: ilé Yorùbá wo lẹ ti ṣí ike ice cream inú fírísà rí tẹ́ ẹ bá ice cream nínú ẹ̀? Láti kékeré ni ike yìí ti ń rẹ́ Kóredé jẹ. Ó ti fi ṣíbí ki inú ẹ̀ rí nílé ìyá ẹ̀ níṣojú àlejò, ata ló gbé sẹ́nu. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí báyìí, ó yẹ kó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n a ti sọ fún yín pé ìwé kì í wọ inú ẹ̀.

Mọ́ńdè tó ṣáájú interview, àyà Aunty ń já. Àwọn kan tí àyà bá ń já wọ́n á gbàdúrà, àwọn míì á sùn. Ti Aunty, wọ́n á dáná. Wọ́n ní tíṣẹ́ bá bọ́, kí oúnjẹ má bọ́. Wọ́n se ilá, wọ́n se ẹ̀fọ́, wọ́n se ata tó ní irú àti panla gbígbẹ. Kóredé wà ní ilé ìdáná náà, òun ló lá ṣíbí. Ibi tí wọ́n máa rọ ọbẹ̀ náà sí, kò béèrè. Aunty rọ ọ́ sínú ike ice cream mẹ́ta, wọ́n tò ó sórí ti Kóredé nínú fírísà.

Ní Túsìdé, aago mẹ́jọ, Aunty ti wà nídìí mọ́tò, búláòsì funfun, síkẹ́ẹ̀tì dúdú, wọ́n fi yẹtí góòlù sétí. Kóredé sáré ṣí fírísà. Ìdérí gbogbo ike ti lẹ̀ pẹ̀lú yìnyín, funfun báláú. Ó gbá èyí tó wà lókè, ó dún kó. "Yìnyín ni," ló sọ fún ara ẹ̀. Kí ni ì bá tún jẹ́? Ó kó mẹ́rin tó wà lókè. Nígbà tí ìdérí kọ̀ tí kò ṣí, ó fi ọ̀bẹ lu ihò sí wọn kí òtútù lè ráyè jáde, ó kó wọn sínú kúlà, ó dé e pa, ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú páìpù lọ́wọ́.

Ọbẹ̀ dídì ń tutù bíi yìnyín, ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀. Títí wọ́n fi wọ I-20, Aunty ń kọrin. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí 285, mọ́tò dì gbagidi, oòrùn dúró sórí wọn. Ìgbà náà ni Aunty dákẹ́ orin.

"Kóredé, ta ló ń se nǹkan?"

"Lórí express, Aunty?"

"Mo ń gbọ́ òórùn irú."

Kóredé náà ti ń gbọ́ ọ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Imú ẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. "Bóyá trailer iwájú yẹn ni, mà."

"Trailer iwájú yẹn kó irú?"

"Amẹ́ríkà ti ń jẹ gbogbo nǹkan báyìí, Aunty. Ìlú le."

"Irú àti panla?"

Kò tíì dáhùn tí trailer náà fi tẹ bíréèkì. Aunty náà tẹ bíréèkì. Kúlà ṣubú dojú délẹ̀. Fáànù ò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, ó ń fẹ́. Páìpù tó wà lọ́wọ́ Kóredé kọ́kọ́ sín, ó húkọ́, ohun tó ti yọ́ nínú kúlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilá ló ṣáájú. Ó rọra yọ lẹ́nu páìpù, ó ń fà, bí ilá tó jiná ṣe máa ń fà, ó bà lé kọ́là búláòsì funfun, ó rìn lọ sí èjìká. Ata tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìrù panla kan. Kóredé ṣì di páìpù náà mú, torí Aunty ò tíì ní kó jù ú sílẹ̀.

Aunty ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ọkàn ẹ̀ ì bá balẹ̀. Wọ́n fi ìka kan nu ọrùn, wọ́n wò ó.

"Èwo nìyí?"

"Ilá ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ilá ni. Èmi ni mo sè é. Mò ń bi ọ́ pé èwo nínú ọgbọ́n ẹ nìyí?"

Láti ibẹ̀ dé Marietta, wọ́n ṣí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ooru wọlé wá bá wọn pẹ̀lú gbogbo ará ilé ẹ̀. Kóredé ń ro sófà Tolú, ó ń ro ajá abẹ́ tábìlì, ó ń wò ó bóyá abẹ́ tábìlì náà lè gba òun àti ajá.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n dúró. Aunty fi bébà tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ nu ara, ilá ń fẹ̀ sí i ni. Wọn ò ní aṣọ míì. Wọ́n ṣí búùtù, ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni gáùn táwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kọrin, aláwọ̀ àlùkò, apá ẹ̀ gbòòrò bí apá ẹyẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n wọ̀ ọ́ lé búláòsì.

"Ó bá yín mu, mà," Kóredé ní.

"Dákẹ́. Gbé fáìlì mi, tẹ̀ lé mi. Má fọwọ́ kan nǹkankan."

Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè, obìnrin kan tó bá wọn wọlé fa imú, ó wo bàtà ẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, ó ti ṣófo. Wọ́n ti kó àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹnu ọ̀nà ni ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ti pàdé wọn.

"Ẹ wọlé, Miss Evelyn. Manager ò wá o, ilé ẹ̀ ló wà. Orí kọ̀ǹpútà yìí lẹ ti máa bá a sọ̀rọ̀."

Kóredé gbọ́ ọ, ó fara ti ògiri. Gbogbo yìnyín yẹn, gbogbo téèpù yẹn, odindi ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò nímú! Ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ sọ jí. Tí kò bá nímú, kò lè gbóòórùn. Aunty jókòó, Kóredé dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Manager yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin kan tí kò tó Tolú lọ́jọ́ orí, tó ń pe Aunty lórúkọ gbàǹgbà.

"Evelyn! Kú oríire o! O gboyè?"

Gáùn ló rí. Kóredé ń mi orí láti ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹnu ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Aunty ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọn kì í purọ́ nínú aṣọ yẹn. Wọ́n rojọ́ gbogbo ẹ̀: kúlà, fáànù, ike ice cream, ilá. Manager rẹ́rìn-ín títí tó fi kúrò lójú kọ̀ǹpútà, àga ẹ̀ nìkan la ń rí. Nígbà tó padà dé, ó nu ojú, ohùn ẹ̀ wá yí padà.

"Evelyn, mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Iṣẹ́ ẹ dáa, iṣẹ́ Rachael náà dáa. A ń dá ọ́fíìsì yìí padà fún onílé, apá wa ò ká a mọ́. Ẹni tó bá kù, ilé ẹ̀ ló ti máa ṣiṣẹ́. Fáìlì àwọn aláìsàn sì ni, òfin ò gbà kí ẹlòmíì máa yọjú wò ó. Rachael ní ọmọ mẹ́ta, kò ní yàrá. Ìwọ ńkọ́? Ṣé yàrá kan wà nílé ẹ tó ṣófo, tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa wọlé wọ̀de?"

Aunty ò dáhùn. Wọ́n rọra yíjú, wọ́n wo Kóredé lẹ́nu ọ̀nà.

Ó rí ojú wọn. Ó rò pé ẹ̀rù ti mú ìdáhùn bọ́ lórí wọn, pé iṣẹ́ ti fẹ́ lọ, pé sófà Houston ti dé tán. Ó fò wọlé, ó ki orí bọ ojú kọ̀ǹpútà.

"Ó wà! Yàrá wà, mà! Yàrá tó dáa, ó ní fèrèsé, ilẹ̀kùn ẹ̀ ń tì dáadáa, kò sí ariwo kankan níbẹ̀!"

"Ta nìyẹn?" manager béèrè.

"Òun ló ṣe AC," Aunty ní.

"Ó ṣeun. Ó ti tán nìyẹn, Evelyn. Mọ́ńdè lo máa bẹ̀rẹ̀."

Kóredé pariwo hàlélúyà títí dé ìsàlẹ̀. Ó jó yí mọ́tò ká. Ìgbà tí wọ́n ti wọ 285 padà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan wọ́n ló wá ń ka yàrá ilé náà lọ́kàn. Ti Aunty, ọ̀kan. Tiẹ̀, méjì. Ó tún un kà. Kò kúrò ní méjì.

"Aunty," ó ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "yàrá wo lẹ máa lò?"

"Èyí tó ní fèrèsé, tí kò sí ariwo."

"Yàrá mi?"

"Èmi ò sọ̀rọ̀ o, Àlàó. Mo wò ọ́ kí n lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ ni. Mi ò lè máa lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ lo ki orí bọ kọ̀ǹpútà."

"Mo rò pé ẹ gbàgbé ìdáhùn ni."

Aunty bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gáùn fi ń mì lára wọn, gbogbo mọ́tò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń wò wọ́n. "Gáráàjì tóbi," wọ́n ní. "Kò sí ẹni tó máa lé ọ níbẹ̀. Bí mo ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà ṣe wà lábẹ́ òrùlé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kóredé ru fóòmù ẹ̀ lórí, ó ń rìn tàgétàgé gba iwájú ilé lọ sí gáráàjì. Mr. Ernest rí i látorí àga wọn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n lé yín ni?"

"Rárá o, Daddy! A ríṣẹ́ ni!"

"Ta ló ríṣẹ́?"

"Aunty."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

Kóredé dúró. Fóòmù yọ̀ lórí ẹ̀, ó bò ó lójú, ó gbé e sókè padà.

"Èmi," ó ní, "èmi ni mo fún wọn ní ọ́fíìsì."